Iyọ̀ Inú Gíà

Ní gbogbo àárọ̀, tí bàbá mi bá ti kírun àsùbáà tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Wọn kì í béèrè bóyá mo sùn dáadáa, wọn kì í sì í béèrè bóyá àwọn tí mo kọ̀wé ìwáṣẹ́ sí ti dá mi lóhùn. Wọ́n á kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní:

“Iyọ̀ ńkọ́?”

Èmi á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, níwájú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn, ọ́ìlì á ti kùn mí lọ́wọ́. Màá dáhùn pé, “Kò sí iyọ̀, sà.” Ó parí nìyẹn. Wọ́n á lọ wọ bàtà wọn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí dáadáa, torí tí n kò bá ṣàlàyé ẹ̀, ohun tí mo ṣe kò ní yé ẹnikẹ́ni, ó sì ṣe pàtàkì fún mi pé kó yéèyàn.

Ẹnu-Ọ̀wá ni ilé wa wà. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ onígi kó èrò láti Èbúté Èrò lọ sí Ìkòròdú. Àwọn tó wá ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà ló pọ̀ jù nínú èrò wọn, tàwọn ti ìdì aṣọ àti páálí ọjà lórí itan wọn. Nítorí olè, bàbá mi kì í fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ létí omi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó fi bárò tì í wálé, a ó gbé e kọ́ sára pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dúrọ́ọ̀mù omi. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí di àárọ̀, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Ẹ́ńjìnnì náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Apá rẹ̀ tó máa ń wọnú omi ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní ẹsẹ̀. Inú ẹsẹ̀ yìí ni gíà wà, àwọn irin eléyín tó ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Inú ọ́ìlì ni gíà ń gbé, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Rọ́bà róbótó kan ló ń dènà omi náà níbi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti yọ síta. Tí rọ́bà yẹn bá gé, omi á máa yọ́ wọlé, ọ́ìlì á bàjẹ́, eyín gíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní lọ.

Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró sójú kan mọ́jú, omi tó bá wà nínú ọ́ìlì á rọ̀ sísàlẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá mi tó gbé e jáde, wọ́n máa ń dẹ súkúrù ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà díẹ̀, kí ẹ̀kán kan bọ́ sórí ìka wọn. Wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á tutọ́ ẹ̀ dànù. Tó bá níyọ̀, omi ọ̀sà ti wọlé nìyẹn. Ojú wọn ò ríran nítòsí dáadáa mọ́, ọ́ìlì tí wọ́n sì ń rà dúdú látilẹ̀. Ahọ́n ni wọ́n gbọ́kàn lé.

Inú ààwẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti di tèmi. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ààwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún yẹn, ooru ń mú gan-an. Bàbá mi kì í fi ohunkóhun kan ahọ́n tí wọ́n bá ti gbààwẹ̀, bí ààfáà tilẹ̀ sọ pé ẹni tó ń sebẹ̀ lè tọ́ ọ wò kó sì tutọ́ ẹ̀. Wọ́n ní ọ́ìlì kì í ṣe ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n dọ́gbọ́n sí i, wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́yìn tí wọ́n jẹ sàárì tán. Òórùn ọ́ìlì náà rú wọn nínú, wọ́n bi gbogbo ẹ̀wà tí wọ́n jẹ, wọ́n sì fi inú òfìfo gbààwẹ̀ ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi. Mò ń ṣe nǹkan oṣù, n kò bá wọn jí sàárì, wọ́n sì ti fura. Ògiri ni wọ́n ń wò.

“Ìwọ… o ò gbààwẹ̀ lónìí, àbí?”

“Rárá, sà.”

“Ẹhẹn. Kò burú. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.” Wọ́n húkọ́. “Wá bá mi tọ́ nǹkan kan wò.”

Ojú tì mí, ojú sì ti àwọn náà. Mo rò pé ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n yára kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ẹ̀kán náà rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò níyọ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó níyọ̀. Mo sọ, bàbá mi tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n bá rọ́bà tó ti lanu, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú wọn dùn débi pé wọ́n sọ fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ní Èbúté Èrò pé ahọ́n ọmọ àwọn ju ahọ́n àwọn lọ. Nígbà tí mo padà sínú ààwẹ̀, mò ń ṣe é kí n tó jẹ sàárì. Nígbà tí ọdún dé, wọn ò gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ni mo kà, mo sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó pọ̀ ní Ìkòyí débi pé n kò rántí àwọn tí mo ti kọ̀wé sí mọ́. Ó ń rẹ̀ mí láti òwúrọ̀, kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, àárẹ̀ àìríṣẹ́ ṣe ni. Nínú gbogbo ara mi, ahọ́n mi nìkan ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ẹnjiníà. Mo máa ń bínú, àmọ́ inú mi máa ń dùn díẹ̀ lábẹ́ ìbínú náà.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ títí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fi ń rùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ẹ̀kán tó bọ́ sórí ìka mi funfun díẹ̀, bí tíì tí mílíìkì ṣèèṣì kán sí. Mo fi kan ahọ́n. Kò níyọ̀ rárá.

“Iyọ̀ ńkọ́?”

“Kò sí iyọ̀, sà.”

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó funfun sí i. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò níyọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ojú mi rí i. N kò lè sọ pé n kò rí i. Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀, bàbá mi á tọ́ ọ wò fúnra wọn, wọn ò ní bá iyọ̀, wọ́n á sì rí i pé ahọ́n mi ò dá mi lójú mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba iṣẹ́ náà padà. Mo dákẹ́, mo di súkúrù náà padà, mo nu ọwọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn, bàbá mi ń ti Ìkòròdú bọ̀ pẹ̀lú èrò mọ́kànlá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Òjò ń rọ̀, omi sì ń gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà. Bàbá mi àti ọkùnrin kan nínú èrò fi pákó wà á títí ó fi dé abẹ́ afárá, kí ọkọ̀ mìíràn tó wá fà wọ́n. Obìnrin kan tí ìdì aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin pariwo mọ́ bàbá mi lójú gbogbo èèyàn pé, “Bàbá, ẹ ti darúgbó! Ẹ lọ jókòó sílé, ẹ má pa wá!”

Bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n sọ fún wa. Apá ọ̀tún wọn ò ṣeé gbé sókè mọ́. Ìyá mi ń fi òróró ra á.

Bàbá mi ní, “Igi ni mo fi ẹ́ńjìnnì lù. Igi wà nínú omi, mi ò rí i.”

Ìyá mi ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ìró ẹ̀?”

“Mi ò gbọ́. Kí ló tún lè jẹ́? Ọ́ìlì dára láàárọ̀, ọmọ yìí tọ́ ọ wò.” Wọ́n nawọ́ òsì sí mi láìwò mí. “Ojú mi ni. Obìnrin yẹn ò parọ́. Mo ti ṣe é tó.”

Mo rí i tí ètè ìyá mi ń mì, mo sì mọ̀ pé àdúrà ọpẹ́ ni. Ó pẹ́ tí ìyá mi ti ń bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fi omi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìyá mi ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì wà ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n ní ọkùnrin lè jókòó níbẹ̀ láìsí ìtìjú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi gbà. Wọ́n fi fóònù pe ẹnì kan tó máa ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù láti tú wọn tà. Ọkùnrin náà ní òun á wá gbé e ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Bàbá mi fi àpò ìrẹsì bo ẹ́ńjìnnì náà. Wọn ò tú u wò. Mo rò pé wọn ò fẹ́ rí ohun tí wọ́n gbà pé ojú àwọn ló fà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kí n lọ gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ kan tó tó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ń fọ àwọn jákẹ́ẹ̀tì tí èrò ń wọ̀ kí wọ́n má bàa rì.

“Ẹnjiníà! Wọ́n ní bàbá fẹ́ tà á.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á máa bá mọ́mì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.”

“Bàbá yẹn? Nídìí bọ́tìnnì?” Ó fi jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó ń ké bí bàbá mi ṣe máa ń pe èrò. “Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ! Á lé gbogbo oníbàárà ìyá ẹ sá.”

Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ bò ó dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kì í hó nínú omi iyọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ọ̀sà lẹ fi ń fọ̀ ọ́?”

“Omi wo ni kí n fi fọ̀ ọ́, omi inú ìgò?”

“Ọṣẹ máa ń hó nínú ẹ̀?”

“Ó ń hó nísinsìnyí ńkọ́. Omi ti dùn. Òjò ti lé gbogbo iyọ̀ lọ, ó ti tó oṣù kan. Ó di ọ̀gbẹlẹ̀ kó tó padà wá.” Ó wò mí. “Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó! Yunifásítì wo lo lọ gan-an?”

Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, nínú omi tí wọ́n ní kí n gbọ́n. Omi ti wà nínú gíà láti ọjọ́ kìíní, kò kàn níyọ̀ ni. Iyọ̀ ni wọ́n bi mí, iyọ̀ ni mo dáhùn, ìdáhùn mi kì í sì í ṣe irọ́. Mo gbìyànjú láti fi ìyẹn tu ara mi nínú, kò gbà. Ojú mi ti rí i.

Ohun tó wá le jù ni èyí. Tí mo bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọkùnrin náà á gbé ẹ́ńjìnnì lọ ní Jímọ̀, bàbá mi á sinmi, apá wọn á san, ìyá mi á yé bẹ̀rù òjò. Àmọ́ bàbá mi á jókòó sẹ́yìn bọ́tìnnì títí ayé, wọ́n á gbà pé ojú àwọn fẹ́ pa èèyàn mọ́kànlá. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè dá wọn padà sórí omi. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ìfẹ́. N kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo mọ̀ pé tí n kò bá sọ ọ́, n kò ní lè máa wo ojú wọn.

Lẹ́yìn ìrun àlàsárì, mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ títí dópin kí ẹ tó bínú, torí kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀, n kò sì tún fẹ́ kí ẹ rò pé…”

“Ṣé lẹ́tà lò ń kọ sí mi ni? Sọ̀rọ̀.”

“Ọ́ìlì yẹn funfun.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Funfun báwo?”

“Díẹ̀, sà. Bíi tíì onímílíìkì. Kò níyọ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Mẹ́ta.”

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí, èyí tí wọn ò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Wọ́n ní, “Lọ gbé sípánà wá.”

Wọ́n ká àpò ìrẹsì kúrò. Èmi ni mo tú súkúrù, torí apá wọn. Ohun tó dà sínú ike jọ ògì bàbà, ó ki, ó sì ń tàn. Mo tú abẹ̀bẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀, okùn ọra tí wọ́n fi ń pẹja ti wé mọ́ ọ̀pá náà bí òwú ìyá mi, ó sì ti gé rọ́bà yẹn wọlé. Nígbà tí mo yọ gíà síta, eyín rẹ̀ mẹ́ta ti wó.

Bàbá mi ò wo gíà. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbé lé orí itan wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí po, díẹ̀díẹ̀. Kò ṣẹ́ níbì kankan. Kò lu igi kankan.

“Kì í ṣe ojú mi,” ni wọ́n sọ. Wọ́n tún un sọ. “Kì í ṣe ojú mi o!” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, ẹ̀rín ti tán. “Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀, sà.”

“O ò mọ̀. Ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ta ló ń wá iyọ̀ nínú òjò?”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń béèrè iyọ̀, sà.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Mo rọra bi wọ́n pé, “Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, nígbà òjò, kí lẹ máa ń ṣe?”

Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn. Àtàǹpàkò àti ìka kejì ti ń ra ara wọn, bí ẹni ń dán aṣọ wò. “Mo máa ń ra á báyìí. Omi kì í yọ̀ bí ọ́ìlì.” Ó jọ pé ó yà wọ́n lẹ́nu. “Ẹnu mi ń sọ iyọ̀, ọwọ́ mi ń ṣe nǹkan mìíràn. Mi ò sọ fún ẹ rí. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é.” Wọ́n nawọ́ sí ike náà. “Ṣùgbọ́n o rí funfun. Funfun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Orí ìkúnlẹ̀ la ṣì wà, gíà wà lórí ìwé ìròyìn, nígbà tí ìyá mi ti Ìdúmọ̀tà wọlé. Wọ́n dúró pẹ̀lú báàgì wọn lọ́wọ́.

“Ta ló tú u?”

Bàbá mi ní, “Gíà lásán ni, ìyá ọmọ mi! Okùn apẹja ló gé rọ́bà. Kì í ṣe ojú mi. Eyín mẹ́ta péré, a máa rí òmíràn. Pe ọkùnrin yẹn, sọ fún un kó má wá mọ́.” Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé apá ọ̀tún tó ń dùn wọ́n sókè, wọn ò sì rántí pé ó ń dùn wọ́n.

Ìyá mi ò wo gíà, wọn ò wo bàbá mi. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí i lójú mi pé èmi ni mo sọ̀rọ̀.

“O ṣeun,” ni wọ́n sọ. “O dá wọn padà sórí omi.” Wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá mi tó rí gíà tó bá a mu. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti omi nìkan. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ tún máa jáde, bàbá mi fúnra wọn ló dẹ súkúrù, wọ́n ra á níka, wọ́n wá nawọ́ sí mi kí n wò ó dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó mọ́. Mo bá wọn ti bárò dé Èbúté Èrò, mo wò wọ́n títí wọ́n fi ṣíkọ̀, mo sì lọ bá ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù, torí n kò lè dá jókòó sílé.

Nígbà tó di ọ̀sán, òjò dé. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì wá dà á sílẹ̀. Àwọn oníbàárà sá lọ. Mo pe fóònù bàbá mi, kò wọlé. Mo tún un pè. Ìyá mi ń to òwú sínú páálí, àwọ̀ kan sẹ́yìn àwọ̀ kan, mo sì rí i pé wọ́n ti to búlúù mọ́ dúdú lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwọ náà ń bẹ̀rù?” Wọn ò gbé ojú sókè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa.” Wọ́n sún díẹ̀ lórí àga náà kí n lè ráyè. “Jókòó.”